Agbọ́n létí òrùlé, aláǹtakùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn: ká fi í sílẹ̀, ká dínà mọ́ ọn, ká pa á, àbí ká pe oníṣẹ́?

Bí èèyàn bá gbójú sókè tó rí ilé agbọ́n létí òrùlé, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni fílíìtì. Ìbéèrè yẹn ti yá jù. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀: ó lè fi ẹ̀dá náà sílẹ̀ níbi tó wà, ó lè dínà mọ́ ọn tàbí kó ṣí i nípò, ó lè pa á fúnra rẹ̀, ó sì lè sanwó fún ẹni tó mọṣẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní owó tirẹ̀ àti ewu tirẹ̀. A fi agbọ́n ṣe olórí àpẹẹrẹ nítorí òun ló ń bani lẹ́rù jù. Aláǹtakùn, ọmọńlé, oyin, àkeekèé àti ìjàlọ yóò máa yọjú níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kàn wọ́n. Irú ilé tí a ní lọ́kàn ni ilé onípáànù tó ní ọgbà díẹ̀, èyí tó kún ìgboro láti Èkó dé Ìbàdàn dé Àkúrẹ́.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ibi tí ẹ̀dá náà wà ṣe pàtàkì ju irú ẹ̀dá tó jẹ́ lọ, àfi oyin nìkan. Ilé agbọ́n tó wà lórí igi máńgòrò ní ìsàlẹ̀ ọgbà kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ gbé ilé kan náà wá sókè ilẹ̀kùn ìdáná, ó di ìjà ojoojúmọ́. Òṣùwọ̀n tó rọrùn rèé: bí ilé agbọ́n bá ga ju mítà 3 lọ, tó sì jìnnà tó mítà 3 sí ilẹ̀kùn, sí fèrèsé tí ẹ ń ṣí, sí okùn ìsáṣọ àti sí ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré, ẹ lè ronú àtifi í sílẹ̀. Bí ó bá wà lójú ọ̀nà tí ẹ ń gbà, tí kò sì ga ju ibi tí ọwọ́ lè tó lọ, kò sí àròyé kankan, ó gbọ́dọ̀ kúrò.

Lẹ́yìn ibi tó wà, ó kan ẹni tó ń gbé inú ilé. Ẹni tí agbọ́n tàbí oyin ti ta rí, tí ọ̀fun rẹ̀ wú tàbí tí èémí rẹ̀ há, ẹyọ kan ṣoṣo tó láti sọ ọ́ di èrò ọsibítù. Nínú ilé irú ẹni bẹ́ẹ̀, a kì í fi agbọ́n sílẹ̀. Ọmọ tí kò tíì mọ̀ pé a kì í fi igi gún ilé agbọ́n wà nínú ìṣirò yìí, ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ náà sì wà níbẹ̀, torí kò lè sá.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ẹ̀dá náà ń ṣe pẹ̀lú, àti ohun tó máa gba ipò rẹ̀ bó bá lọ. Owó ló kù, kì í sì í ṣe owó òní nìkan: ẹni tó pa agbọ́n tí kò ṣe nǹkan kan sí ibi tó so ilé mọ́, ó ṣeé ṣe kó tún pa òmíràn nítòsí ibẹ̀ kí òjò ọdún náà tó tán.

Ẹ dá a mọ̀ kí ẹ tó mú ohunkóhun lọ́wọ́

Ohun mẹ́ta ni àwọn èèyàn máa ń kó pọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà “agbọ́n”, ìpinnu lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ pátápátá.

Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń kọ́ ilé tó dà bíi pépà. Ó ń ha igi gbígbẹ, ó ń rún un mọ́ itọ́, ó sì ń fi í mọ yàrá kéékèèké onígun mẹ́fà tó dojú kọlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ rọ̀ sórí ọ̀pá tín-ín-rín kan bí agboòrùn tí wọ́n ṣí. Ilé náà kò ní ìbòrí, nítorí náà ẹ lè rí àwọn agbọ́n tó jókòó lé e, wọn kì í sì í sábà pọ̀ ju èyí tí ojú lè kà lọ. Abo nìkan ló ń ta. Abẹ́rẹ́ oró rẹ̀ kì í já sára èèyàn bíi ti oyin, ìyẹn ni agbọ́n kan ṣoṣo fi lè ta ẹnì kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Èkejì ń fi amọ̀ kọ́lé, ó sì ń dá gbé. Ẹ ó rí amọ̀ rẹ̀ lára ògiri, lẹ́yìn kọ́tìnnì, nínú ihò kọ́kọ́rọ́, kódà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í lò. Aláǹtakùn ló ń pa mọ́ sínú ilé náà. Ó máa ń ta wọ́n títí wọn yóò fi rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ láìkú, kí ọmọ rẹ̀ lè rí ẹran tútù jẹ, ó sì lè kó mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ sínú yàrá kan. Agbọ́n yìí kì í gbèjà ilé. Bí ẹ bá ha amọ̀ náà kúrò lójú rẹ̀, yóò fò lọ ni. Kì í sábà ta èèyàn, àfi bí wọ́n bá dì í mú tàbí tó há sínú aṣọ.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe agbọ́n rárá, oyin ni. Bí ẹ bá rí kòkòrò tó ń wọlé tó ń jáde láti inú ihò kan lára ògiri tàbí lábẹ́ páànù, bí èrò ọjà, láìsí ilé tó rọ̀ níta, oyin ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Oyin ilẹ̀ wa, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Apis mellifera adansonii, tètè ń bínú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló sì ń gbé pọ̀. Bí ọ̀kan bá ta èèyàn, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á kù sára onítọ̀hún, òórùn kan á sì jáde níbẹ̀ tó jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Òórùn yẹn ni àwọn yòókù máa ń tẹ̀ lé wá. Ọwọ́ tí ẹ fi mú ilé agbọ́n, ẹ má fi mú ti oyin láé.

Bí kò bá dá yín lójú, ẹ dúró ní nǹkan bíi mítà 6, ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fa fọ́tò náà tóbi. Kò sí ìdí láti sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kìíní: ẹ fi í sílẹ̀

Ọ̀fẹ́ ni, èrè sì wà níbẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Agbọ́n onílé pépà ń fi kòkòrò ajewé bọ́ ọmọ rẹ̀. Òun ló ń fò lórí ẹ̀fọ́ àti tòmátò yín láàárọ̀, tó ń wá kòkòrò abara-múyọ́ tó ń lu ewé ní ihò, tó ń rún un, tó sì ń gbé e lọ sílé. Ẹni tó gbin ọgbà ẹ̀fọ́, tí ilé agbọ́n sì wà lórí igi jíjìnnà, ó ní òṣìṣẹ́ tí kò gba owó oṣù.

Ti aláǹtakùn tún rọrùn jù. Gbogbo èyí tí a sábà ń rí nínú ilé níhìn-ín, ìrísí wọn ló ń bani lẹ́rù, ọwọ́ wọn kò le tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó pẹlẹbẹ, tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, tó ń sáré lórí ògiri lálẹ́, aáyán ló ń dẹ. Abo rẹ̀ máa ń gbé àpò ẹyin rẹ̀ pẹlẹbẹ sábẹ́ ikùn. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó lè géni jẹ, yóò sì dunni, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fún un láyè, sísá ló máa ń sá. Àwọn kéékèèké tó ń fò pẹ́ńkẹ́pẹ́ńkẹ́ lójú fèrèsé kì í ta òwú dẹ pańpẹ́. Ojú ni wọ́n fi ń ṣọdẹ, eṣinṣin àti ẹ̀fọn sì wà nínú ohun tí wọ́n ń pa. Ní agbègbè adágún Victoria, ní Kenya àti Uganda, irú kan wà nínú wọn tó fẹ́ràn ẹ̀fọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó ju ẹ̀fọn tí kò mu lọ. Ẹ má torí ìyẹn ká àwọ̀n ẹ̀fọn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì o. Aláǹtakùn kò lè pa ẹ̀fọn tán nínú ilé tí omi dúró sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọńlé gba ọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ pọ̀. Kò ní oró. Ohun tó yẹ ká bẹ̀rù lára rẹ̀ ni ìgbẹ́ rẹ̀, tó lè gbé kòkòrò àrùn tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ní ìta, ẹ jẹ́ kó máa jẹ ẹ̀fọn àti aáyán rẹ̀ lọ. Nínú ìdáná, ẹ bo ìkòkò, ẹ nu orí tábìlì kí ẹ tó gé ẹran lé e, kí ẹ sì dí ihò tó ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀lọ́ pẹ̀lú, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ọgbà. Ẹni tó bá gbé e, kó fọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ojú, kó sì lé ọmọ ajá tó fẹ́ bù ú jẹ, torí oje ẹ̀yìn rẹ̀ lè ṣe ajá níbi.

Ìjàlọ nìkan ni ẹ̀dá tí fífi í sílẹ̀ túmọ̀ sí pé kí ẹ̀yin ẹ kúrò fún un. Bí wọ́n bá ya wọ inú ọgbà, aáyán, eku àti àkeekèé ló wà nínú ewu. Láàárín wákàtí mélòó kan, wọ́n sábà máa ń kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́, ewúrẹ́ tó wà lórí ìso, adìẹ inú àgò àti ajá inú ilé rẹ̀ kò lè sá; àwọn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kúrò, kí ẹ tó rántí gbá ilẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń bàjẹ́ ni pé ilé agbọ́n ń tóbi. Èyí tó dà bí ọmọrí ìgò lónìí lè di àtẹ́lẹwọ́ kí oṣù méjì tó pé. Ẹ máa wò ó lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì láti ọ̀ọ́kán. Ìṣòro kejì wọ́pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ: àlejò tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ariwo àti gbígbọ̀n ẹ̀rọ ìgékoríko máa ń mú wọn bínú, bẹ́ẹ̀ ni àtẹ̀gùn tí wọ́n gbé ti ògiri. Kí ẹni tó wá kun ilé, ẹni tó wá to sólà tàbí ẹni tó wá fọ táńkì tó gòkè, ẹ fi ibi tó wà hàn án.

Ẹ ṣọ́ra fún ìmọ̀ràn tí ẹ bá kà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí láti apá àríwá Amẹ́ríkà pé kí ẹ ní sùúrù títí dìgbà òtútù. Òótọ́ ni fún àwọn ará wa tó ń gbé London: ilé agbọ́n tó wà lókè àjà wọn máa ń kú fúnra rẹ̀ nígbà òtútù, àwọn abo tuntun tó máa dá ilé sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ nìkan ló ń yè, wọn kì í sì í padà sínú ilé àtijọ́ yẹn. Níhìn-ín, ọyẹ́ kò tó òtútù tó ń pa agbọ́n. Ẹni tó bá ń dúró de ìgbà òtútù ní Ìbàdàn yóò dúró pẹ́.

Ọ̀nà kejì: ẹ dínà mọ́ ọn, tàbí kí ẹ ṣí i nípò

Lójú tiwa, ọ̀nà yìí ló lérè jù fún owó tí èèyàn ná, òun náà sì ni àwọn èèyàn ń lò kéré jù. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó ná owó nẹ́ẹ̀tì, káfíńtà àti símẹ́ńtì díẹ̀, iṣẹ́ náà á sì wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹ lo nẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ kò ju mìlímítà 1.5 lọ, yóò dá ẹ̀fọn, agbọ́n àti oyin dúró pa pọ̀. Ẹ kàn án mọ́ ojú fèrèsé, mọ́ búlọ́ọ̀kù oníhò tó ń gba atẹ́gùn wọlé, àti mọ́ àlàfo tó wà láàárín ògiri àti páànù. Àlàfo ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ káfíńtà máa ń fò, òun gan-an sì ni ojú ọ̀nà oyin sínú àjà. Nẹ́ẹ̀tì onírin pẹ́ ju ti oníke lọ níbi tí oòrùn ń pa, eku kò sì lè gé e.

Àṣìṣe kan wà tó burú: kí wọ́n dí ihò tí oyin ti wà nínú rẹ̀. Wọn yóò wá ọ̀nà mìíràn jáde, ọ̀nà náà sì lè jẹ́ ibi tí gílóòbù ti rọ̀ láti inú àjà yàrá. Kí ẹ tó dí ihò kankan, ẹ ṣọ́ ọ lójú oòrùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ohunkóhun bá ń wọlé tàbí ń jáde, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọ̀nà kejì.

Fún agbọ́n onílé pépà, ohun tó dára jù ni kí ẹ tètè rí i. Nígbà tí ilé náà bá kéré tí agbọ́n kan tàbí méjì ṣì ń gbé e, ẹ dúró kó fò lọ wá oúnjẹ, kí ẹ wá fi ọwọ̀ onígi gígùn gbá a dànù, kí ẹ sì fi omi ọṣẹ fọ ibi tí ọ̀pá rẹ̀ lẹ̀ mọ́. Ó lè padà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ gbá a dànù lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta náà. Ó sábà máa ń wá ibòmíràn.

Ilé amọ̀ rọrùn: ẹ fi omi rin ín, ẹ fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí àwọn akunlé ń lò ha á, ẹ sì fọ ojú ibẹ̀. Bí ihò róbótó bá ti wà lára amọ̀ náà, ọmọ inú rẹ̀ ti jáde lọ nìyẹn. Ibi tí ilé amọ̀ ti ń di ìṣòro ni inú ọ̀pá àti ihò. Ó máa ń dí ọ̀pá tí omi ẹ̀rọ amúlétutù ń gbà jáde, omi á sì padà sínú yàrá. Ó máa ń dí ọ̀pá èéfín ẹ̀rọ amúnáwá tí wọn kò tan fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, kó rántí ọkọ̀ òfurufú Birgenair 301 tó já sínú òkun nítòsí Puerto Plata ní Dominican Republic ní oṣù kejì ọdún 1996, tí èèyàn 189 kú. Àwọn olùwádìí gbà pé ọ̀pá tó ń wọn eré ọkọ̀ náà ló dí, agbọ́n amọ̀ sì ni wọ́n fura sí. Ègé nẹ́ẹ̀tì kan tí ẹ fi okùn wáyà so mọ́ ẹnu ọ̀pá omi tó láti dènà rẹ̀. Ti ọ̀pá èéfín, nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní pípa nìkan ni kí ẹ bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì ṣí i kí ẹ tó tan án.

Aláǹtakùn, ife àti páálí ni: ẹ da ife bò ó, ẹ ti páálí sábẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ìta. Àkeekèé kò gba ife. Ẹ lo ẹ̀mú gígùn, ẹ jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dán, torí kò lè gun ike dídán. Kí ẹ wá lọ wo ibi tó ti wá: òkìtì búlọ́ọ̀kù, pákó tó sùn sílẹ̀, ewé tó jọ mọ́ ìpìlẹ̀ ilé. Bí òkìtì yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan.

Gílóòbù ìta náà wà lára iṣẹ́ yìí. Iná funfun tó mọ́ rekete ń pe kòkòrò ju iná tó pọ́n díẹ̀ lọ. Bí kòkòrò bá dín kù lẹ́nu ọ̀nà, aláǹtakùn tó ń ta òwú síbẹ̀ àti ọmọńlé tó ń ṣu sára ògiri náà yóò dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò tín-ín-rín aláwọ̀ pupa-àti-dúdú tó ń tẹ̀ lé iná wọlé lálẹ́, tí oje rẹ̀ ń jóni lára bí iná. Kò gé èèyàn jẹ, kò sì ta. Àwa la máa ń fọ́ ọ mọ́ ara wa. Ẹ fẹ́ ẹ dànù, ẹ má gbá a, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ibi tó bà lé.

Ọ̀nà kẹta: ẹ pa á fúnra yín

Agbọ́n onílé pépà nìkan ni ọ̀nà yìí wà fún, tí ilé rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ẹ sì lè fún omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ilẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan àtẹ̀gùn, ẹ jáwọ́. Oró agbọ́n lè má pa yín, ṣùgbọ́n ẹni tí agbọ́n ta lórí àtẹ̀gùn yóò já bọ́.

Omi ọṣẹ ló tó. Ẹ da ṣíbí ìjẹun 2 ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sínú omi lítà 1, ẹ rọra pò ó kó má hó. Ọṣẹ ló ń jẹ́ kí omi lè ráyè wọ ihò tí kòkòrò fi ń mí. Omi lásán yóò yí kúrò lára rẹ̀. Ike afúnmi tí wọ́n fi ń lọṣọ kò ní agbára tó. Ẹ wá èyí tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tó lè ju omi dé mítà 3. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ògiri mìíràn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí gbogbo wọn wà nílé tí ara wọn sì tutù. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, ẹ ki ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ fi àwọ̀n bo fìlà dé ọrùn. Ẹ fi ọ̀rá pupa bo ojú tọ́ọ̀ṣì, torí agbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ rí iná pupa, kí ẹ sì gbé tọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má wà lọ́wọ́ yín. Ilẹ̀kùn tí ẹ máa sá wọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, ọmọdé kò sì gbọdọ̀ wà lójú ọ̀nà. Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́, ẹ má dúró sábẹ́ ilé náà gan-an. Ẹ fún un láìdáwọ́ dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 títí gbogbo rẹ̀ yóò fi rin gbingbin, kí ẹ padà wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ wò ó. Bí ohunkóhun bá ṣì ń rìn lórí rẹ̀, ẹ dúró di ìdájí ọjọ́ kejì. Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ gbá ilé náà sínú ọ̀rá, ẹ dì í, ẹ sì fọ ojú ibẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ bí a ṣe ń pa àmúkùrù tó bà lé ni lẹ́pọ̀n. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yẹn náà la fi ń pa ti òkè ilẹ̀kùn.

Ohun tó ń bà á jẹ́: ṣíṣe é lọ́sàn-án nígbà tí ìdajì wọn wà lóko, tí wọ́n á padà dé bá ìjà, fífún un díẹ̀ kí ẹ wá sá, àti iná. Ògùṣọ̀ tí wọ́n rì sínú kẹrosíìnì ti jẹ́ àṣà láti ọjọ́ pípẹ́, nígbà tó jẹ́ inú oko ni. Lábẹ́ páànù tó ní igi àti àjà oníke, ilé lẹ fẹ́ jó.

Fílíìtì alágolo yára ju omi ọṣẹ lọ, ó sì wọ́n jù ú. Ẹ má fún un nítòsí gáàsì tó ń jó, ẹ bo omi ẹja àti omi adìẹ, torí púpọ̀ nínú wọn ń pa ẹja. Ti ọ̀tapíápíá tó ní dichlorvos nínú, ẹ yẹra fún un nínú ilé. Oró tó ń pa kòkòrò nínú rẹ̀ kò mọ̀ pé èèyàn kì í ṣe kòkòrò. Ẹni tó fún un sínú yàrá tó sì ti ilẹ̀kùn sùn síbẹ̀ lè má jí. NAFDAC fòfin de títa àwọn ìgò kékeré rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àti sùpámákẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2019. Ó tún ń pa ọmọńlé àti aláǹtakùn pọ̀ mọ́ ọn, aáyán sì máa ń tètè padà sí ilé tí kò sí ọdẹ mọ́.

Ọ̀nà kẹrin: ẹ pe oníṣẹ́

Òun ló wọ́n jù, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí kò ti sí ọ̀nà mìíràn: oyin nínú ògiri tàbí àjà, ilé agbọ́n tó nílò àtẹ̀gùn, àti ilé tí ẹnì kan ti wà tí ara rẹ̀ kì í gba oró.

Oyin tó ṣù mọ́ ẹ̀ka igi láìsí afárá yàtọ̀. Wọ́n ń sinmi lọ́nà ni, wọ́n sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ẹ kó ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn kúrò, ẹ má ju òkò, ẹ má fín èéfín. Ẹni tó ń sin oyin lè fẹ́ kó wọn lọ, nígbà mìíràn lówó pọ́ọ́kú, torí ó jèrè níbẹ̀.

Oyin inú ògiri ni owó ti ń lọ. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù tí ẹ ó bi oníṣẹ́ ni pé: ṣé ẹ máa gbé afárá náà jáde? Bí ó bá pa oyin tó sì fi afárá sílẹ̀, oyin inú afárá náà tí kò ní olùtọ́jú mọ́ yóò yọ́, yóò kán sára àjà, èèrà á tọ̀ ọ́ wá, òórùn rẹ̀ á sì pe àwọn oyin mìíràn. Ẹ bèèrè orúkọ oògùn tó fẹ́ lò, iye wákàtí tí ẹ máa fi wà níta, ẹni tó máa dí ihò náà lẹ́yìn iṣẹ́, àti bóyá yóò padà wá lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá padà láàárín oṣù kan. Ẹni tó dé pẹ̀lú ìgò oògùn nìkan, láìní aṣọ ìdáàbòbò, ẹ jẹ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Bí ó bá ta èèyàn

Ti oyin, ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kíákíá. Yíyára ṣe pàtàkì ju ọ̀nà tí ẹ gbà yọ ọ́ lọ. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ibẹ̀, ẹ gbé aṣọ tí ẹ rì sínú omi tútù lé e fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí oyin bá ń lé yín, ẹ sáré wọ inú ilé tàbí ọkọ̀ kí ẹ ti ilẹ̀kùn; ẹ má bẹ́ sínú omi, wọ́n á dúró dè yín lókè. Bí ètè, ahọ́n tàbí ọ̀fun bá ń wú, bí èémí bá há, bí ojú bá ń ṣú onítọ̀hún, tàbí tí ara rẹ̀ bá sú káàkiri, ẹ má dúró wá ewé tàbí kẹrosíìnì tí ẹ máa fi pa á lára. Ọsibítù ni, lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni fún ọmọdé tí àkeekèé ta, àti ẹni tí oyin púpọ̀ ta lẹ́ẹ̀kan náà, bí kò tilẹ̀ tíì ṣe é bí i pé ó le.

Ta ló yẹ kó yan èwo?

Ẹni tó ní ọgbà ẹ̀fọ́ àti igi tó jìnnà sílé, tí kò sí ọmọ kékeré lọ́dọ̀ rẹ̀, kó fi agbọ́n sílẹ̀, kó máa ṣọ́ ọ. Ẹni tó ń kọ́ ilé lọ́wọ́ tàbí tó fẹ́ pààrọ̀ páànù, ọ̀nà kejì ni tirẹ̀: kó san owó nẹ́ẹ̀tì etí òrùlé pọ̀ mọ́ owó káfíńtà nísinsìnyí, torí lẹ́yìn tí wọ́n bá kan àjà tán, owó iṣẹ́ kan náà yóò gòkè. Ilé tó ní ọmọ tó ń rá, tí ilé agbọ́n kékeré sì wà nítòsí ilẹ̀kùn, omi ọṣẹ ní ìdájí, kí wọ́n tún fọ ojú ibẹ̀. Ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ibi tí èrò pọ̀ sí, kí wọ́n pe oníṣẹ́, kódà fún èyí tó kéré, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba oró láàárín igba èèyàn.

Ayálégbé tí oyin wọ inú àjà rẹ̀ ló nira fún jù. Kò ní àṣẹ láti tú àjà, kò sì yẹ kó san owó tí ilé náà máa jẹ̀rè lẹ́yìn tí òun bá kó lọ. Kó ya fọ́tò ihò tí oyin ń gbà, kó fi ránṣẹ́ sí onílé pẹ̀lú ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí i, kó sì sọ fún un pé iṣẹ́ náà ní apá méjì: gbígbé afárá jáde, àti dídí ihò. Láàárín àkókò yìí, kó bo àlàfo tó wà ní ìdí gílóòbù inú yàrá rẹ̀, kí wọ́n pa iná ìta lálẹ́, kó sì gbé okùn ìsáṣọ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ilé yẹn.